Bàbá Tó So Ọkọ̀ Mọ́ Igbó Òkun

Ẹja ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe ìgbì, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pariwo. Ẹja ni, ẹja tí Bàbá fi ń yangàn lórí rédíò, tí gbogbo ara Librada, ọmọ ẹ̀ obìnrin, sì tutù nini bó ṣe ń gbọ́ ọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n mú un láti àárọ̀, torí àárọ̀ yẹn gan-an ló ń dun Librada jù.

Ilé tó wà ní Punta Ceniza ò ju ogún lọ, gbogbo wọn kọjú sí òkun bí ẹni tó ń wòran. Iwájú ibẹ̀ gan-an, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré tẹ́ ẹ bá wà nínú pangà, ọkọ̀ apẹja kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì, ni igbó òkun wà. Igbó gidi mà ni o! Koríko tó ga ju igi àgbọn lọ, tó fi gbòǹgbò di àpáta mú nísàlẹ̀ omi, tí ewé ẹ̀ wá tẹ́ lọ súà lójú omi bí ẹní, tó pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Inú ẹ̀ ni kabirílà ń gbé, ẹja kan báyìí tó lágídí ju ìbaaka lọ.

Bàbá Librada, Crescencio lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Chencho ni gbogbo èèyàn ń pè é. Látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń pẹja níbẹ̀, ó sì ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí. Ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tó bá ti jìnnà díẹ̀, bí èéfín ló ṣe ń rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Á fi sadíìnì bo ìwọ̀, á wá ti ṣóńṣó ìwọ̀ náà sínú ẹran kó má baà há mọ́ koríko. Okùn ẹ̀ nípọn, torí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè ja ìjà inú igbó.

"Etí igbó ni kó o jù ú sí," ó máa ń sọ fún Librada, "níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Tó bá ti gbé e, di ọ̀pá mú, má fún un láyè rárá, torí inú igbó ló ń sá lọ."

"Tó bá wá ráyè wọlé ńkọ́?"

"Tó bá ti wọlé, má bá a jà mọ́. Tó o bá fà á, koríko á já okùn ẹ. Dẹ okùn. Gbé ọ̀pá sílẹ̀. Mu kọfí ẹ. Tó bá yá, á rò pé o ti lọ, á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde."

"Bàbá, ẹja ò lẹ́sẹ̀."

"Ìwọ tó lẹ́sẹ̀, ibo lò ń lọ?"

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àwọn méjèèjì, látìgbà tí ìyá Librada ti kú. Librada ni ojú, Bàbá ni ọwọ́. Librada lá wo òkè àpáta funfun àti òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, á ní "Bàbá, ẹ yà sọ́tùn-ún," Bàbá á yà.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní Punta Ceniza, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìdákọ̀ró lọ sí igbó òkun. Ìdákọ̀ró á há sínú koríko, ẹ ò ní rí i fà yọ láéláé. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fa koríko mẹ́rin tàbí márùn-ún sókè, wọ́n á lọ́ wọn pọ̀ bí ẹni ń dirun, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Ó parí. Ọkọ̀ á dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ẹni tí wọ́n bá bá ìdákọ̀ró nínú ọkọ̀ ẹ̀, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi sú u.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn, omi gbóná. Láti oṣù kẹfà ni òkun ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, koríko náà sì ń rà láti ìdí. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á bá odidi ẹ̀ létí òkun, tòun ti gbòǹgbò, bí irun tí ẹnì kan tú dànù.

Ìdí nìyẹn tí Nazario fi wá bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nazario ni aládùúgbò wọn, ọmọ Màmá Tomasa. Ó gbé ìdákọ̀ró kékeré kan dání tó ti dógùn-ún.

"Bàbá Chencho, ẹ gba èyí dání lónìí."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Kẹ́ ẹ fi dá ọkọ̀ dúró ni. Koríko yẹn ti rà nísàlẹ̀, Bàbá. Mo fọwọ́ kan fà á lánàá, odidi ẹ̀ tẹ̀ lé mi bí ajá."

"Ìwọ ni koríko á máa tẹ̀ lé, torí o ò níyàwó. Ó rò pé o fẹ́ mú òun lọ sílé ni."

Librada bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn ún títí dòní nìyẹn, pé òun rẹ́rìn-ín. Nazario náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ìdákọ̀ró ẹ̀ kọ́ èjìká, ó padà sídìí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó tú kalẹ̀ sórí iyanrìn.

Ká ní Librada lè bá Bàbá lọ ni! Ṣùgbọ́n òun ló ń ṣọ́ rédíò tí àwọn apẹja fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn pangà yòókù pátá ti lọ sí erékùṣù kan lápá àríwá torí edé ńlá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sáà ẹ̀ ni, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó ti rédíò. Bàbá ní kò sí wàhálà, òun nìkan á lọ.

"Epo yín ńkọ́?" Librada bi í.

"Ìlàjì kẹ́ẹ̀gì. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń lọ, ṣé mo ní mò ń re Japan ni?"

Ó gba oúnjẹ ẹ̀, tọ́tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí Librada fi ẹ̀wà kún, ó gbé rédíò kékeré sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bátìrì àtijọ́ kan, ó lọ.

Kùrukùru dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù. Ní ibẹ̀ yẹn, tí kùrukùru bá bá yín nínú igbó, ẹ ò ní ṣe ju kẹ́ ẹ jókòó lọ. Koríko ti dì yín mú, ibo lẹ fẹ́ lọ?

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni rédíò dún.

"Líbí! Líbí, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá. Ṣé ẹ rí iwájú yín?"

"Mi ò rí imú ara mi. Ṣùgbọ́n ẹja ń jẹ, ọmọ mi! Lọ sọ fún Nazario kó se ìdákọ̀ró ẹ̀ jẹ lálẹ́. Mẹ́fà rèé!"

"Kabirílà mẹ́fà?"

"Kabirílà kẹ̀? Kabirílà méjì ni mo rí láàárọ̀, wọn ò jẹ mọ́. Àwọn èyí gùn tó apá mi. Wọ́n ń fò sókè, Líbí! Orí wọn pẹlẹbẹ bí ẹni tó forí gbá ògiri. Mo gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú mi báyìí, ó ń dán bíi góòlù, ó tún ń di àwọ̀ ewé, ó tún ń di búlúù, àfi bíi..."

Librada ò gbọ́ èyí tó kù.

Dorádò ni. Kò sí ẹja mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dorádò kì í sì í wá sí igbó òkun. Àárín agbami ló ń gbé, níbi tí omi ti dúdú, ibẹ̀ ló ti máa ń tẹ̀ lé ohunkóhun tó bá ń léfòó: igi, àpótí, koríko tó ti já. Látìgbà tí wọ́n ti bí Librada, kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni pa dorádò níbi tí wọ́n ti lè rí òrùlé Punta Ceniza.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ so ọkọ̀ mọ́?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Koríko ni. Òun rèé níwájú mi, mò ń fọwọ́ kàn án."

"Ẹ ju òjé sísàlẹ̀ fún mi. Kẹ́ ẹ máa kà á."

"Torí kí ni?"

"Ẹ ṣáà kà á, Bàbá mi. Ẹ dákun."

Nínú igbó, tẹ́ ẹ bá ju òjé tẹ́ ẹ so mọ́ okùn, nínà apá mẹ́wàá ló máa fi kanlẹ̀. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Librada gbọ́ bí Bàbá ṣe ń kà, tó ń kùn, tó ń bú u pé ó ń dí òun lọ́wọ́. "Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Méjìlá. Bóyá omi ló ń gbé e. Mẹ́tàlá." Nígbà tó fi máa dé ogún, kò kùn mọ́. Nígbà tó dé ogójì, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀ bíi tẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Okùn ti tán, Líbí."

"Kò kanlẹ̀?"

"Kò kan nǹkan kan."

Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Koríko náà ti já ní ìdí láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, odidi àgbájọ kan báyìí, tó fẹ̀ tó àgbàlá, omi sì ń gbé òun àti ọkọ̀ Bàbá lọ pọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni koríko ń lọ, kùrukùru sì bo gbogbo yòókù. Tó bá fọwọ́ kan koríko, ó wà níbẹ̀. Kí ni ì bá fi mọ̀? Kódà ẹni tó ríran ò lè mọ̀.

"Mo máa fa ẹ́ńjìnnì," Bàbá wí. "Màá máa bọ̀ nílé."

"Ọ̀nà ibo lẹ máa gbà?"

"Ọ̀nà ilé."

"Ibo nilé wà, Bàbá?"

Ẹ gbọ́, kò yẹ kí ọmọ kankan bi bàbá ẹ̀ ní irú ìbéèrè yẹn.

Librada yọrí lójú fèrèsé, ó pariwo pe Màmá Tomasa pé kó lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa lù ú, kó má dúró. Màmá Tomasa fi bàtà sílẹ̀, ó sáré. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Bàbá, ẹ tẹ́tí. Ṣé ẹ ń gbọ́ agogo?"

"Mo gbọ́ ọ! Líbí, mo gbọ́ ọ! Ó ń dún kedere!"

Librada fò dìde, ó lu tábìlì. "Ẹ dojú ọkọ̀ kọ ibi tó ti ń dún! Ẹ pa rédíò ná kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ dáadáa, kẹ́ ẹ mọ apá ibi tó wà."

Rédíò dákẹ́. Librada kà dé ọgọ́ta. Ó tún kà á.

"Líbí."

"Bàbá?"

"Inú rédíò ló ti ń dún."

Librada dijú. Agogo ń dún níta, ó ń dún lẹ́yìn ẹ̀, ó ń gba ẹnu rédíò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ bá bàbá ẹ̀ ní àárín agbami, kò sì wúlò fún nǹkan kan.

"Mo máa fa ẹ́ńjìnnì," Bàbá tún wí. "Mi ò lè jókòó báyìí."

Ìgbà yẹn ni Librada sọ ọ̀rọ̀ tó ń rò títí dòní. "Bàbá, tí kabirílà bá ti wọnú igbó, kí lẹ ní ká ṣe?"

"Ṣé èmi lẹja ni?"

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Ká dẹ okùn."

"Ẹ dẹ okùn, Bàbá. Epo yín kéré. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà òdì, ó tán nìyẹn. Ẹ dúró ti koríko yẹn, ó tóbi, ẹyẹ á pé lé e lórí, a máa rí i. Tí kùrukùru bá ti ká kúrò, èmi fúnra mi máa sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà fún yín."

"O máa sọ fún mi?"

"Màá sọ fún yín."

"Ó dáa," Bàbá wí. "Mo ti dẹ̀ ẹ́."

Aago kan ọ̀sán ni Nazario tó rí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tò pọ̀. Ó wọnú kùrukùru náà lọ tòun ti kọ́ńpáàsì, ó ń fi irin lu agolo, ó ń pariwo orúkọ Bàbá títí ohùn ẹ̀ fi há. Librada pe àwọn tó lọ pa edé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru ò jẹ́ káwọn náà rí ọwọ́ ara wọn, ó di ọ̀la. Kí ló tún kù tó lè ṣe? Ó pe iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ní kí wọ́n dúró kí ojú ọjọ́ là. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún un pé kó dúró, òun náà sì ti sọ fún bàbá ẹ̀ pé kó dúró.

Torí bátìrì, wọ́n fi àdéhùn sí i pé ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan ni kí Bàbá máa tan rédíò. Aago méjì, ó wà dáadáa. Aago mẹ́ta, ó wà dáadáa, òtútù díẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ohùn ẹ̀ ti ń jìnnà, bíi ti ẹni tó wà nínú kànga.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo jẹ tọ́tíyà. Iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀wà ẹ yẹn."

"Iyọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, Bàbá."

"Ó pọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ẹ. Tí mo bá dé, màá..."

Ó já síbẹ̀. Librada pè é títí. Aago márùn-ún, ó pè é. Aago mẹ́fà. Nazario gúnlẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó Librada, omi ń kán lára aṣọ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru ò kúrò. Ó dúró lójú fèrèsé bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Màmá Tomasa lu agogo títí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fi bó. Wọ́n ní kó sinmi, ó ní kí lòun fẹ́ sinmi fún.

Ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kùrukùru ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ṣí aṣọ lórí oúnjẹ. Òkun tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán. Librada sáré gbá rédíò mú. "Bàbá, ó ti là! Ẹ wo apá ibi tí oòrùn ti yọ, ẹ máa bọ̀ lápá ibẹ̀! Bàbá, ẹ máa bọ̀!" Ìlérí tó ṣe ló ń mú ṣẹ. Ó mọ̀ pé bátìrì ti kú, ó ṣì ń sọ ọ́.

Nazario àti pangà méjì tó ti dé láti ibi edé lọ wá a. Librada fẹ́ bá wọn lọ, ó tiẹ̀ ti ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó wá rántí rédíò. Tí Bàbá bá rí ọgbọ́n ta sí bátìrì yẹn, tó wá pè, tí kò sẹ́ni níbẹ̀ ńkọ́? Ó padà wọlé.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Nazario pè.

"Líbí, mo ti rí koríko náà. Ẹyẹ ló fi í hàn mí."

Librada di etí tábìlì mú.

"Ẹ̀gbọ́n Nazario, ẹ sọ̀rọ̀."

"Okùn ọkọ̀ Bàbá wà lára ẹ̀."

"Bàbá ńkọ́?"

"Okùn nìkan ni, Líbí."

Ó gbé okùn náà wá fún un lálẹ́. Bàbá ta kókó méjì sí i, torí bó ṣe máa ń ka ọjọ́ nìyẹn tó bá sùn sójú omi, tí ilẹ̀ bá mọ́, á ta kókó kan. Kókó méjì: àárọ̀ ọjọ́ kejì àti àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ìyẹn ni pé ó dúró. Gbogbo bí Librada ṣe ní kó dúró, ó dúró. Lẹ́yìn kókó kejì, ọ̀bẹ ló fi gé okùn. Ojú ibi tó gé náà ṣì funfun, kò tíì rí omi pẹ́. Bàbá Chencho tí kì í gé okùn, tó máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń gé okùn, ó gé e. Ó kánjú. Ó rí nǹkan kan nígbà tí ojú là. Bóyá ọkọ̀ òkun ni, bóyá òkè ni. Ṣùgbọ́n lójú Bàbá, òkè àti ìkùukùu ò yàtọ̀ síra, ẹni tó sì máa ń sọ fún un pé "Bàbá, ìkùukùu nìyẹn, ẹ yà sọ́tùn-ún," inú yàrá ló wà, ó ń bá rédíò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi wá a. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan tiẹ̀ wá yípo lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò rí pákó kan.

Àwọn àgbà sọ fún Librada pé ohun tó tọ́ ló ṣe, pé ẹni tó bá fa ẹ́ńjìnnì nínú kùrukùru ti pa ara ẹ̀. Ó tún gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ẹ̀, pé láago mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn, Bàbá ò tíì jìnnà, pé ìlàjì kẹ́ẹ̀gì yẹn ì bá gbé e dé ibì kan. Ó gba méjèèjì gbọ́. Ọjọ́ kan á gba èyí gbọ́, ọjọ́ kejì á gba ìyẹn.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, omi ti ń tutù padà, koríko díẹ̀díẹ̀ tún ti ń yọ lórí àpáta. Gbogbo ọkọ̀ Punta Ceniza ló ń gbé ìdákọ̀ró báyìí, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Nazario bẹ Librada títí ó fi gbà láti bá a lọ pẹja. Wọ́n ju ìdákọ̀ró. Librada fi sadíìnì bo ìwọ̀, ó jù ú sí etí igbó, níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀.

Kabirílà gbé e. Kó tó di ọ̀pá mú, ó ti sá wọlé. Librada dẹ okùn, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀. Nazario bu kọfí fún un.

Wọ́n jókòó. Okùn náà rọ̀ sílẹ̀ lójú omi, ó ká jọ díẹ̀, ewé koríko ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra ẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń bọ̀ níta.

"Ó ti jáde, Líbí," Nazario wí. "Wò ó, okùn ti ń rìn. Fà á."

Librada rí i. Kọfí ti tutù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Fà á, á tún padà wọlé o!"

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i," Librada wí, kò fọwọ́ kan ọ̀pá náà.